Àrokò Láti Soho: Ambrose Campbell àti Orin Ìtàn Ọmọ Yorùbá Lájò



Ní Jikwoyi níbí, lẹ́bàá Àbújá, àwọn Gbagyi ló nilẹ̀. Títí di àsìkò yìí, ẹni tó bá jí lọ sọ́jà yóò rí àwọn ìyá wọn tí wọ́n gbé igi ìdáná tàbí agbọ̀n iṣu lé èjìká, ọwọ́ kan ló dì í mú, ẹsẹ̀ wọn ń yá nílẹ̀. Wọn kì í ru ẹrù sórí bíi tiwa. Àwa tó kù, Yorùbá, Ìgbò, Tiv, Ìdómà, Ígálà, Haúsá, ọ̀nà ló gbé wa dé. Àwọn kan tẹ̀lé ìjọba nígbà tí wọ́n gbé olú-ìlú kúrò ní Èkó wá sí Àbújá lọ́jọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991. Àwọn kan tẹ̀lé iṣẹ́ bíríkìlà, àwọn kan tẹ̀lé ọkọ. Àwọn mìíràn ti gbé àárín ìlú rí, kí owó ilé Garki àti Wuse tó ju apá wọn lọ.

Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ọmọ tó jìnnà sílé mọ bí ìròyìn ilé ṣe ń pẹ́ kí ó tó dé etí ẹni. Ó mọ bí èdè ìyá ẹni ṣe ń dùn tó bí a bá ṣèèṣì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn nínú mọ́tò tó ń lọ sí ìkóríta AYA ní Àbújá ní ìdájí. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ yìí fi dá lórí ọmọ Yorùbá kan tó fi ilé sílẹ̀ nígbà ogun, tó gbé ìlú òyìnbó títí ó fi darúgbó, tó sì ń fi orin ránṣẹ́ sílé.

Lọ́jọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 1945, ogun Hitler parí ní Yúróòpù, London sì tú síta. Ní Piccadilly Circus, láàárín ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èrò tí ń sunkún tí ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ Áfíríkà kan gbé gìtá àti ìlù, wọ́n ń kọrin bí wọ́n ṣe ń rìn lọ, èrò sì ń wọ́ tẹ̀lé wọn. Ẹni tó ṣáájú wọn ni Ọládipúpọ̀ Adékọ́yà Campbell. Ambrose ni àwọn òyìnbó mọ̀ ọ́n sí. Ọmọ ọdún 25 ni, kò ì tíì ní àwo kankan lórúkọ ara rẹ̀, ilé ìgbafẹ́ kankan kò sì tíì gbà á síṣẹ́ olóṣooṣù. Síbẹ̀, ní ọjọ́ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń yọ ayọ̀ tó ga jù lọ láyé wọn, orin Èkó wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ òyìnbó sì ń tẹ̀lé e.

Èkó ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún 1919. Orúkọ bí Campbell kò ṣàjèjì ní Èkó ìgbà náà, níbi tí àwọn Sàró, àwọn tó ti Sierra Leone padà wá, ti ń jẹ́ Cole, Davies àti Macaulay. Inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́kọ́ la ohùn, ó sì kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìsọ̀ ẹlẹ́mu ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà ti kọ́ àwọn ará etíkun bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ta gìtá. Àwọn onígbàgbọ́ ń lu sámbà, igi onígun mẹ́rin tí wọ́n fi awọ bò, wọ́n ń jó aṣíkò. Ní Olówógbówó, Túndé King ń kó ìwọ̀nyí pọ̀ mọ́ òwe àti oríkì, ó sì kọ wọ́n sórí àwo fún ilé-iṣẹ́ Parlophone lọ́dún 1936. Ohun tó jáde nínú rẹ̀ ni ayé ń pè ní jùjú. Ilé onígbàgbọ́ kì í sábà gbóríyìn fún ọmọ tó bá ń bá onígìtá rìn, nítorí náà ńṣe ni Campbell ń yọ́ lọ.

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀, ó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí Liverpool. Ó sọ̀ kalẹ̀, kò sì padà sínú rẹ̀ mọ́. Ó gba London lọ.

Òun kọ́ ni Yorùbá àkọ́kọ́ tó kọrin sínú ẹ̀rọ nílùú òyìnbó. Lọ́dún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, kọ orin 43 fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní London, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ orin ìyìn tó fi ohùn Yorùbá gbé kalẹ̀ dípò ohùn Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn míṣọ́nnárì kó wá. Láàárín 1927 sí 1929, Zonophone yìí kan náà gba ohùn àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mìíràn sílẹ̀ ní London, Domingo Justus tó ń kọrin Yorùbá wà lára wọn. A mọ̀ wọ́n, a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ń bẹ nínú orin wọn jẹ́ ohun tí wọ́n gbé ti ilé lọ. Campbell ní tirẹ̀ jókòó síbẹ̀. Òtútù ń mú un, ó ń sanwó ilé fún onílé òyìnbó, ó ń gbọ́ ìròyìn Èkó lẹ́yìn tó ti pẹ́, ó wá fi gbogbo rẹ̀ ṣe orin. Orin àlejò yàtọ̀ sí orin àtìpó.

Báwo ni London ìgbà náà ṣe rí fún aláwọ̀ dúdú? Lọ́dún 1943, Learie Constantine, gbajúgbajà eléré kíríkẹ́ẹ̀tì láti Trinidad, san owó yàrá sílẹ̀ ní Imperial Hotel ní Russell Square. Nígbà tó dé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, wọ́n ní kí ó wá ibòmíràn sùn, nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì borí lọ́dún 1944. Bí ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ bá rí irú èyí, kí ni ti atukọ̀ tí kò ní ju gìtá lọ? Ọpẹ́lọpẹ́ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, dá sílẹ̀ lọ́dún 1925, tó ń gba àwọn ọmọ Áfíríkà sílé, tó ń fún wọn ní ibi tí wọ́n ti lè sọ èdè wọn láìsí ẹni tí yóò máa wò wọ́n bí ẹran àpéwò.

Lọ́dún 1946, ọmọ Jàmáíkà kan, Berto Pasuka, kó àwọn oníjó aláwọ̀ dúdú jọ, ó pe ẹgbẹ́ náà ní Les Ballets Nègres. Ọmọ Áfíríkà àti ọmọ erékùṣù Karíbíà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, Campbell àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ló sì ń lù fún wọn. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ olórin náà, West African Rhythm Brothers, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ múlẹ̀. Brewster Hughes, tí í ṣe Abíọ́dún Òkè, ló ń ta gìtá pẹ̀lú rẹ̀.

Ibi tí orúkọ wọn ti wá kàn ni Soho, ní àárín London. Berwick Street ni àdúgbò náà: lọ́sàn-án, ọjà ni, àwọn alátẹ a máa pariwo tòmátì, ápù àti ẹ̀fọ́. Lóru, ẹni tó bá ń kọjá lọ́dún 1952 yóò gbọ́ gángan. Abalábí ni orúkọ ilé ìgbafẹ́ náà, ọmọ Nàìjíríà kan, Ọlá Dòsùnmú, ló ni ín, Campbell àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni olórin ibẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé amòfin, àwọn atukọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ àṣálẹ́ a máa wá síbẹ̀ wá gbọ́ èdè wọn. Àwọn òyìnbó oníjáàsì náà ń wá. Phil Seamen, ọ̀kan nínú àwọn onílù tó mọṣẹ́ jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a máa wá jókòó ti àwọn onílù wa, ó ń kọ́ ohun tí ilé-ìwé kankan kò lè kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí èyí. Ní ìlú tí wọ́n ti lè lé ènìyàn jáde ní hòtẹ́ẹ̀lì nítorí àwọ̀, àwọn ọmọ ìlú náà ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n ń lé.

Ọ̀rọ̀ àwo ló kàn báyìí, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa wà.

Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa, àrokò ni àwọn baba wa fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lọ́nà jíjìn. Bí ẹnì kan bá di owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, tó fi rán ọmọ sí olólùfẹ́ rẹ̀, ẹni tó gbà á kò ní béèrè ìtumọ̀: ẹfà ni, ọkàn mi ń fà sí ọ. Ohun kékeré ni, ọmọdé lè dì í mọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ èdè ló lè tú u. Ẹni tí kò gbọ́ èdè, owó lásán ló rí.

Àwo orin ìgbà náà jọ àrokò púpọ̀. Ó dúdú, ó ń dán, ó wúwo lọ́wọ́ ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ìnǹṣì 10 ni fífẹ̀ rẹ̀. Ṣẹ́lákì ni wọ́n fi ṣe é, oje kan tí kòkòrò ń pọ̀ sára ẹ̀ka igi ní Íńdíà. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ó di àpáàdì. Ìgbà 78 ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan, abẹ́rẹ́ irin a máa ha ojú rẹ̀, a sì máa dún ṣìì ṣìì bí ìgbà tí wọ́n ń dín àkàrà ní yàrá kejì. Lẹ́yìn ṣìì náà ni gìtá yóò wọlé, lẹ́yìn gìtá ni ohùn ènìyàn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ojú kan gbà. Ẹni tó bá ti jókòó níbi tí olórin Yorùbá ti ń ki ènìyàn láti àṣálẹ́ mọ́jú yóò mọ irú ìhámọ́ tí ìyẹn jẹ́. Kò sáyè láti ki baba dé orí baba ńlá. Kò sáyè láti dúró de ẹni tí yóò náwó. Olórin ní láti ká ìtàn rẹ̀ bí ẹni ká ẹní: kí ó sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, kí ó ju òwe kan sí i, kí àwọn ẹlẹ́gbè gbè é, kí gìtá dá dún díẹ̀, kí ó tún kókó ọ̀rọ̀ sọ, àwo ti tán.

Ilé-iṣẹ́ Melodisc ló ń ṣe àwo wọ̀nyí. Emil Shalit ló dá a sílẹ̀ ní London lọ́dún 1949. Ó jẹ́ oníṣòwò tó mọ̀ pé àwọn àtìpó ní owó díẹ̀ lápò, wọ́n sì ní ọ̀pọ̀ ìrántí lọ́kàn. Ó ń ta àwo náà fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń di wọ́n sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí orin Campbell ṣe padà sí Èkó nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n ti ń retí lẹ́tà rẹ̀ kò wá fúnra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ló wọlé, tí wọ́n gbé e ka orí giramafóònù, tí àwọn ará àdúgbò sì pé jọ sí ojú fèrèsé.

Kí ló wà nínú àrokò náà? Àkọlé àwọn orin rẹ̀ nìkan tó láti fi hàn pé ọkàn rẹ̀ kò kúrò ní Èkó. Ọ̀kan wà tó pè ní “Oba Adele”. Adéníjì Adélé Kejì gorí oyè Èkó lọ́dún 1949, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1964. Oyè náà kò rọrùn fún un. Àwọn ọmọ oyè mìíràn kọ̀, Èkó pín sí méjì, ọ̀rọ̀ di ẹjọ́. Ẹjọ́ tó wà láàárín Oyèékàn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ oyè náà, àti Adélé lórí Ìgà Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó, rìn títí ó fi dé Privy Council, ilé-ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà, wọ́n sì dá a lọ́dún 1957. Níbo ni Privy Council wà? Ní London, kò ju ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ lọ sí Soho. Ọ̀rọ̀ ààfin Èkó ti ré òkun kọjá, ó ti dé iwájú àwọn adájọ́ òyìnbó, ọmọ Èkó kan sì wà ní ìlú náà tó ń fi orúkọ ọba rẹ̀ kọrin. Ẹni tó bá rò pé orin ijó lásán ni, kò tíì ro ọ̀rọ̀ náà dénú.

Òmíràn ń jẹ́ “Late Ojo Davies”. Orin ẹni tó ti kú ni. Gbogbo ẹni tó ti gba ìpè lóru rí ní Jikwoyi yìí pé ẹnì kan ti lọ nílé, tí kò sì rí owó mọ́tò tàbí àyè ibi iṣẹ́ láti lọ síbi òkú, yóò mọ ohun tí irú orin bẹ́ẹ̀ wà fún. Níbi tí a ti bí wa, òkú ní iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀, ó ní ẹkún, ó ní àwọn tí ń ki í. Lájò, kí ni ènìyàn ní? Campbell ní ìṣẹ́jú mẹ́ta àti gìtá. Ó fi wọ́n sin òkú. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá lórí rẹ̀ báyìí, àwọn ọ̀rẹ́ olóògbé tí wọ́n jọ wà láyé nígbà náà ti lọ, orúkọ ẹni náà ṣì ń jáde nínú ẹ̀rọ nígbàkígbà tí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́.

Irú orin yìí ni orin ìtàn. Kò dàbí àlọ́ ìjàpá tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ìtàn rẹ̀ wà nínú orúkọ tó dá, nínú òwe tó yàn, nínú ohun tí àwọn olùgbọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ tí olórin kàn fọwọ́ tọ́ lásán. Ìdí nìyí tí àwọn òyìnbó fi ń jó sí i, tí ọmọ Èkó tó jókòó ní igun ilé ìgbafẹ́ sì fi ń nu ojú.

Campbell kò dá wà nínú iṣẹ́ yìí. Lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1948, àwọn ará Karíbíà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Empire Windrush ní Tilbury. Lord Kitchener, olórin kalípísò láti Trinidad, wà lára wọn, ó sì kọrin níwájú kámẹ́rà àwọn oníròyìn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó balẹ̀ dáadáa, orin tó fi ń yin London tí kò tíì gbé rí. Melodisc náà ló ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwo rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Kitchener ń sọ̀rọ̀ nípa onílé tí kò jẹ́ kí ó sinmi, nípa ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tó ń da orí rẹ̀ rú, nípa kíríkẹ́ẹ̀tì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń sọ ọ́, gbogbo London gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Campbell ní tirẹ̀ fi Yorùbá sọ púpọ̀ nínú tirẹ̀. Ìyẹn dín àwọn tó gbọ́ ọ kù, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tó kọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, ibẹ̀ gan-an ni iyì rẹ̀ wà: ó mọ ẹni tó ń kọ̀wé sí, kò sì yí àdírẹ́sì padà nítorí pé ọjà ń bẹ níbòmíràn.

Ẹ fi í wé Túndé King tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Òun náà wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi nígbà ogun. Ó pòórá mọ́ àwọn ará Èkó lójú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó wà ní àwọn èbúté ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Áfíríkà, bíi Dakar àti Conakry, kí ó tó padà wálé lọ́dún 1954. Àwọn àwo tí a fi mọ̀ ọ́n, kí ó tó lọ ló ti kọ wọ́n. Báwo ni jùjú ṣe ń dún létí àwọn ará Dakar? Kí ni ó ń kọ nípa ilé nígbà tí alẹ́ bá lẹ́ ní Conakry? Irú ohùn bẹ́ẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò bá gbà á sílẹ̀, ó lọ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ òkun nìyẹn.

Ìyókù ìrìnàjò Campbell gùn, ṣùgbọ́n a lè yára sọ ọ́. Lọ́dún 1972 ó kọjá sí Amẹ́ríkà, ó bá Leon Russell, olórin rọ́ọ̀kì, rìn kiri, ó ń lu ìlù fún un. Ó gbé Nashville, ìlú tí orin àwọn òyìnbó oko, orin ìtàn tiwọn, fìdí kalẹ̀ sí. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ló lò ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2004, ó ti di àgbàlagbà, ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń gbé Plymouth, ìlú etíkun. Ibẹ̀ ló kú sí lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 2006, ọjọ́ tó pé ọdún 58 géérégé tí àwọn ará Windrush sọ̀ kalẹ̀. Lọ́dún náà gan-an ni ilé-iṣẹ́ Honest Jon's, tó ní ṣọ́ọ̀bù àwo ní Portobello Road ní London, kó àwọn orin Melodisc rẹ̀ jọ sórí àwo kan, ẹ̀kẹta nínú ọ̀wọ́ tí wọ́n pè ní London Is the Place for Me.

Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, tó lọ kọ́ orin ní Trinity College of Music ní London lọ́dún 1958, pe Campbell ní bàbá orin òde òní Nàìjíríà. Ẹnu Fẹlá kì í yin ènìyàn lásán. Síbẹ̀, bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́ mẹ́wàá ní Jikwoyi yìí, bóyá ni ẹnì kan yóò fi mọ orúkọ náà. Àwọn tó ń ta àwo àtijọ́ ní London mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n. Ó dùn wá, ó sì yẹ kí ó dùn wá. Ohun tó fà á kò ṣòro láti rí: àwo ṣẹ́lákì fọ́, ilé-iṣẹ́ wà lókèèrè, ìdílé tó ní giramafóònù kó lọ sí ilé tuntun, wọ́n sì da ẹrù àtijọ́ nù. Láìsí ẹni tó tọ́jú àwo náà lọ́hùn-ún, a kì bá tí ní nǹkan kan láti sọ lónìí.

Ọ̀nà tí Campbell rìn kò tíì dí. Àṣá, olórin tí í ṣe Bùkọ́lá Elémìdé, ni wọ́n bí sí Paris lọ́dún 1982. Wọ́n gbé e wá sí Èkó nígbà tó wà ní kékeré, ó dàgbà síbẹ̀, ó tún padà sí Faransé láti ṣiṣẹ́ orin. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde níbẹ̀ lọ́dún 2007, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì jọ wà nínú rẹ̀, gìtá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará Faransé tí kò gbọ́ Yorùbá kún inú gbọ̀ngàn. Ọmọ Yorùbá tó wà láàárín wọn gbọ́ ohun tí àwọn yòókù kò gbọ́, bí ó ti rí ní Berwick Street lọ́dún 1952 ló ṣe rí.

Ẹ wá jẹ́ kí á wo ilé tiwa. Ní Jikwoyi, ní Kurudu, ní Orozo títí dé Karshi, kò sí ọ̀sẹ̀ tí a kò kọrin. Ibi ìsọmọlórúkọ, ibi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, ibi wálímọ̀, ibi àìsùn òkú, ìpàdé ọmọ ìlú lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn ìyá kan wà nínú wa tí wọ́n lè dá orin sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ nípa ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé, nígbà tí títì yìí ṣì jẹ́ erùpẹ̀ pupa, nípa onílé tó gba owó ọdún méjì, nípa ọmọ tí wọ́n bí sí ilé ìwòsàn Nyanya tó ti di sójà báyìí. Wọ́n ń dá a, àwọn ẹlẹ́gbè ń gbè é, a ń jó, a ń jẹ ìrẹsì, a ń lọ sílé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, orin náà ti lọ. Fóònù sì wà lápò gbogbo wa. Campbell ní láti dúró de Emil Shalit, ó ní láti há ìtàn rẹ̀ mọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kò sí ẹni tó há wa mọ́ ohunkóhun.

Iṣẹ́ náà kò tóbi. Kí ọmọ kan jókòó ti ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò bá ti dákẹ́ díẹ̀. Kí ó tan fóònù. Kí ìyá kọ́kọ́ sọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀, ọdún tó dé Àbújá, kí ó sọ ẹni tí orin náà kàn àti ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí pé ọmọ ọmọ rẹ̀ lè má mọ ìtumọ̀ òwe tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó kọrin. Kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i. Kí wọ́n fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sílé, kí ẹ̀dà kejì wà níbòmíràn, nítorí fóònù a máa bọ́ sómi, olè sì wà. Kí wọ́n gba ohùn onígìtá àdúgbò sílẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà Gbagyi bóyá àwọn náà fẹ́ kí ohùn wọn wà níbẹ̀. Orin àwọn onílẹ̀ nípa àwa tí a wá bá wọn ṣe pàtàkì bí orin tiwa nípa wọn, bóyá ó tilẹ̀ jù ú lọ.

Ọ̀dọ́kùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ lẹ́yìn yẹn ti wà lójúfò láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. “Oba Adele” ni yóò kọ́kọ́ fi sí i. Ṣìì ṣìì ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, ẹ má rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta.